Kuekha Kọ́lé sí Adágún Bong-chi

Orúkọ tí bàbá Bong-chi sọ ọ́ kì í ṣe orúkọ tí èèyàn ń fi ayọ̀ pè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ẹ ṣáà máa bọ́ ọ.” Obìnrin mẹ́ta ló ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo ilé ń retí. Bàbá náà wo ọmọ tí wọ́n gbé sínú aṣọ, ó ní kò burú, ẹ ṣáà máa bọ́ ọ. Ní Kam-a-ka tiwa níhìn-ín, ní ìhà gúúsù Taiwan, àwọn ìyá àgbà tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ò tíì tán nílẹ̀, wọn kì í sì í tijú rẹ̀. Bong-chi a máa fi tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn àlejò. Á ní, “Wọ́n ní kí wọ́n ṣáà máa bọ́ mi. Ẹ wò mí, ṣé ẹ rí i pé wọn ò fi oúnjẹ dù mí?”

Iṣẹ́ méjì la mọ̀ níbí: ìrẹsì nígbà òtútù, lengkak nígbà ooru. Èso dúdú kan ni lengkak, ó ní ìwo méjì bí orí màlúù, inú omi ló ń hù, ewé rẹ̀ a sì tẹ́ lójú omi bí ẹní. Obìnrin ló ń ká a. Wọn á jókòó sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ọpọ́n ìwẹ̀ lọ, wọn á máa gbé ewé sókè níkọ̀ọ̀kan, wọn á já èso abẹ́ rẹ̀, wọn á sì dá ewé padà sójú omi. Iṣẹ́ yìí ti tẹ ẹ̀yìn Bong-chi kó tó di ìyá àgbà rárá.

Orí ewé yìí náà ni ẹyẹ lengkak ń gbé. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè rìn lórí ewé láìrì. Nígbà ooru, ìrù rẹ̀ dúdú a gùn rẹrẹẹrẹ, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ a sì pọ́n bíi wúrà. Abo á yé ẹyin fún akọ, á gbéra ńlẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ọkọ mìíràn ní adágún kejì. Akọ ló ń sàba, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ. Àwọn ọkùnrin Kam-a-ka kì í fẹ́ kí èèyàn sọ ìtàn yìí lójú ìyàwó wọn, kí ó má baà di àṣà.

Tiam-ting, ọkọ Bong-chi, ni ẹni àkọ́kọ́ láàárín wa tó dá ẹyẹ yìí sí. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí a bá ń ká lengkak tí a kan ìtẹ́, a kàn ń gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Tiam-ting ní kí Bong-chi máa yí ìtẹ́ ká, kó má fọwọ́ kan ewé àyíká rẹ̀ títí àwọn ọmọ ẹyẹ á fi dá rìn.

“Bàbá Kok-hui,” Bong-chi wí láti inú ọkọ̀, “lengkak tó wà níbí ti gbó o. Ó ti ń já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àbí ẹyẹ ló bí ẹ ni?”

“Fi sílẹ̀ jàre. Ọkùnrin bíi tèmi ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Kò rí ìyàwó rẹ̀ mú.”

“Ìwọ rí tìẹ mú?”

“Tèmi ló mú mi,” ni Tiam-ting fèsì, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún kan, àwọ̀n ẹja mú akọ kan lẹ́sẹ̀. Tiam-ting wọ inú omi tó dé àyà, ó fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n náà, àmọ́ ìka kan ti já sínú okùn. Ẹyẹ náà ta tìẹ̀tìẹ̀ lọ lórí ewé. Gbogbo wa rò pé kò ní pẹ́ kú. Àṣé kò ní kú. Nígbà ooru tó tẹ̀ lé e, ó padà wá sí adágún náà, ó kọ́ ìtẹ́, ó tọ́ ọmọ. Tiam-ting sọ ọ́ ní Kuekha, ìyẹn arọ, ó sì ń fi yangàn káàkiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege nílé ìwé.

Ìgbà yẹn náà ni òun àti Tíṣà Yap, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìlú kejì, la ọ̀nà ẹyẹ. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ ní ojúbọ òrìṣà ilẹ̀, ó gba inú igbó ọparun àti igi eléso kọjá, níbi tí ẹyẹ aláwọ̀ márùn-ún ti máa ń kọ kó, kó, kó bí ìgbà tí àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ń lu igi àdúrà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí ebè tó la àárín oko àti adágún, ló wá parí sí adágún Tiam-ting. Ibẹ̀ ni Tiam-ting fi ọparun ṣe ọgbà kan sí, ó lu ihò sí i lára, kí àwọn àlejò lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n sì máa wo ẹyẹ. Àwọn èèyàn a máa wá láti ìlú ńlá pẹ̀lú awò ọ̀nà jíjìn lọ́rùn wọn. Tíṣà Yap ti kọ́ wọn pé wọn ò gbọdọ̀ pariwo, wọn ò gbọdọ̀ sáré, wọn ò sì gbọdọ̀ yọ ọwọ́ kọjá ọgbà. Bong-chi ló ń po tíì fún wọn.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa Tiam-ting, nígbà òtútù ni. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àkéte. Èyí tí Bong-chi gbọ́ yé ni pé, “Máa bá mi wo Kuekha.” Bong-chi dá a lóhùn pé kí ó dìde wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó ń fi ṣàwàdà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn ún di òní.

Nígbà tí Kuekha dé ní ooru yẹn, Bong-chi sunkún lẹ́yìn ọgbà ọparun títí tíì fi tutù. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ ooru kan tí kì í lọ jókòó síbẹ̀. Ó máa ń bá ẹyẹ náà sọ̀rọ̀: ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, bí orúnkún òun ṣe ń ro òun. Àwa ará abúlé rí i, a sì ń bá tiwa lọ. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Kok-hui, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìlú ńlá. Èèyàn rere ni, àmọ́ ìrònú ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Ìyá náà ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbin ìrẹsì mọ́, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ báni gbìn ín ò sì wá sí ilẹ̀ kékeré bíi tirẹ̀ mọ́. Ni Bong-chi bá ń fọ́n irúgbìn tó ti hù díẹ̀ sórí ẹrẹ̀ lásán, bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ àti ológoṣẹ́ sì jẹ ẹ́ bí adìẹ ṣe ń jẹ àgbàdo. Lọ́dún tó kọjá, kò kórè nǹkan kan.

Nígbà àjọ̀dún òṣùpá, Kok-hui wá sílé. Ó bó ọsàn ńlá fún ìyá rẹ̀, ó tò ó sí iwájú rẹ̀ kó tó la ẹnu.

“Màmá, àwọn onísólà ti gba ilẹ̀ àwọn ará òkè ebè. Wọn á ri irin mọ́ inú adágún, wọn á to àwo sólà lé e lórí. Ẹ̀yin á kàn jókòó ni.”

“Orí kí ni Kuekha á wá máa rìn? Orí irin?”

“Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀.” Kok-hui nu ọwọ́. “Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Tí ìrẹsì òtútù yìí bá dára, n ò ní dárúkọ sólà mọ́. Tó bá tún bọ́, ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ nígbà méjì, ẹ rò pé n ò gbọ́?”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.”

“Sok-pun ẹ̀yìn ògiri yìí ni. Ẹnu rẹ̀ á pa á.” Bong-chi mú ọsàn kan, ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀. “Kò burú. Mo gbà.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà sì mọ̀. Ilẹ̀ ìrẹsì àti adágún lengkak, ilẹ̀ kan náà ni: tí a bá ti fa omi rẹ̀ gbẹ nígbà òtútù, ìrẹsì là ń gbìn sí i, tí ooru bá dé a ó da omi padà. Ẹni tó bá pàdánù ìrẹsì yìí, Kuekha ló pàdánù.

Ìdí nìyẹn tí Bong-chi fi rántí bàbá rẹ̀. Láyé bàbá rẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ fọ́n irúgbìn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú oògùn kòkòrò mọ́jú. Ológoṣẹ́ tó bá tọ́ ọ wò kì í dé ilé. Ó ra ìgò oògùn kan, ó pò ó sínú garawa lẹ́yìnkùlé. Sok-pun, aládùúgbò rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí ọkọ rẹ̀ ní katakata, yọjú lórí ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń sè tó ń rùn báyìí?”

“Ọbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni. Wá tọ́ ọ wò, ìwọ olófòófó.”

Sok-pun rẹ́rìn-ín, ó wá fi ọwọ́ bo imú. “Àwọn ẹyẹ yín ńkọ́?”

“Ẹyẹ lengkak kì í jẹ ìrẹsì. Ìṣáwùrú àti kòkòrò ló ń jẹ.”

“Òótọ́ ni, n ò rí i kó jẹ ẹ́ rí.”

Kò sí ẹni tó rí i rí. Bí ẹ bá bi èmi náà, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Ooru nìkan la mọ ẹyẹ yìí mọ́, nígbà tó gbé ìrù, tó wọ wúrà, tí oúnjẹ pọ̀ lábẹ́ ewé. Tí òtútù bá dé, ìrù á já dànù, wúrà á ṣí, á di ẹyẹ kóńkó kan tó rí bí ẹrẹ̀. Ní àsìkò yẹn, àwọn awòran ẹyẹ pàápàá kì í yà á ní fọ́tò. Omi gbogbo adágún ti gbẹ, ìṣáwùrú ti wọlẹ̀, ebi sì ń pa á. Àwa tí à ń pe ara wa ní olùtọ́jú rẹ̀ ò bi ara wa rí pé kí ló ń jẹ nígbà tí kò lẹ́wà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Bong-chi fọ́n irúgbìn náà ni Tíṣà Yap fẹ́ kó àlejò gba ọ̀nà ẹyẹ. Bong-chi tètè jáde pẹ̀lú fúláàsì tíì. Ó rí òkú ológoṣẹ́ lórí ebè, kò yà á lẹ́nu. Ó rí pẹ́pẹ́yẹ kan tó na ọrùn sílẹ̀, ó ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ìwọ lo jẹ mí lówó ìrẹsì ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn ohun kéékèèké kan nínú ẹrẹ̀ tó rò pé ògúlùtu ilẹ̀ tí kò fọ́ dáadáa ni. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú rẹ̀, ó gbé ọ̀kan. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó so rọ̀ láàárín ọwọ́ rẹ̀.

Bong-chi jókòó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó dìde, kò ṣe nǹkan mìíràn ju pé ó ń gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò. Èyí pé ìka. Èyí náà pé ìka. Gbogbo ìgbà tó bá rí ẹsẹ̀ tó pé, inú rẹ̀ á dùn, ó sì kórìíra ara rẹ̀ fún ìdùnnú yẹn. Ó yẹ gbogbo wọn wò tán. Kuekha kò sí níbẹ̀.

Sok-pun ló bá a níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú Bong-chi, ó gbé ọwọ́ lérí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ yára. Ẹ jẹ́ ká kó wọn sínú àpò kí àwọn èèyàn yìí tó dé. Ẹ sọ pé àìsàn ẹyẹ ni. Àìsàn ẹyẹ wà kẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò. Ta ló máa mọ̀?”

Mi ò ní purọ́ fún yín, Bong-chi rò ó. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀ pé ó dún létí òun bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Tí ìrẹsì yìí bá hù, adágún di tirẹ̀ títí láé. Ibi tó ti ń rò ó ló ti gbójú sókè tó rí àwọn tó kù. Ọ̀wọ́ ẹyẹ lengkak kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ebè, wọ́n ń gbé ìka gígùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣa irúgbìn bọ̀. Ọ̀kan ń tiro láàárín wọn.

Obìnrin tí orúnkún rẹ̀ ń ro ló wá ń sáré nínú ẹrẹ̀ yìí. Ó já akẹtẹ̀ orí rẹ̀, ó ń fì í, ó ń ké, ó na apá méjèèjì. Àwọn ẹyẹ náà fò díẹ̀, wọ́n bà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọn ò bẹ̀rù rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló kọ́ wọn pé èèyàn kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù.

Ibẹ̀ ni Tíṣà Yap àti àwọn àlejò rẹ̀ ti jáde láti inú igbó ọparun. Ìyá olùtọ́jú ẹyẹ ni wọ́n rí tó ń fi akẹtẹ̀ lé ẹyẹ, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ń lé wọn.

“Màmá, kí lẹ ń ṣe?” Tíṣà Yap ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọgbà. “Kí lẹ ń lé wọn fún?”

“Májèlé ni mo fọ́n sílẹ̀,” Bong-chi wí. “Èmi ni. Èmi ni mo pa ìyókù. Ẹ má wò mí, ẹ bá mi lé wọn.”

Tíṣà Yap bọ́ awò ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjá ọgbà ọparun, ó wọ inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ìyókù tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn tí kì í wúkọ́ lórí ọ̀nà yẹn kí ẹyẹ má baà gbọ́, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju ẹrẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn mìíràn. Wọ́n lé ẹyẹ lengkak títí wọ́n fi fò kọjá igbó, tí a ò rí wọn mọ́.

“Sok-pun,” Bong-chi wí, èémí ò tó o, “lọ pe ọkọ ẹ. Kó gbé katakata wá, kó yí ilẹ̀ yìí padà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì yín ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá Kok-hui sọ—”

“Mo ní kó yí i padà.”

Wọ́n yí i. Gbogbo irúgbìn náà wọ abẹ́ ilẹ̀ níbi tí ẹnu ẹyẹ ò lè dé. Bong-chi tẹ ọmọ rẹ̀ láago. Ó ní ìrẹsì ti bọ́, kí ó mú àwọn onísólà wá. Kok-hui wá kó tó di ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ló sì wá. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti tò àwọn ẹyẹ náà sórí ẹní lẹ́bàá ọgbà ọparun, tó tan tùràrí kan síwájú wọn. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, àwọn méjèèjì sin wọ́n. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, ó ní, “Màmá, ẹ fi adágún yín sílẹ̀. N ò ní dárúkọ sólà mọ́.”

Bí Bong-chi ṣe gba ohun tó ń wá nìyẹn. Ohun tó pa ẹyẹ nítorí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sunkún lórí èyí ju bó ṣe sunkún lórí gbogbo ìyókù lọ, Kok-hui ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Tíṣà Yap ò bá a jà. Àwọn mìíràn ní abúlé pè é ní apẹyẹ, ó sì dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni. Lára àwọn tó ṣì ń rẹ irúgbìn sínú oògùn, àwọn kan jáwọ́ nínú rẹ̀, àwọn kan ní tèmi ò kàn ọ́. Nígbà tí ooru dé, Bong-chi da omi sínú adágún, ó gbin lengkak, ewé sì bo ojú omi bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn adágún tó yí wa ká dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀wọ́ ẹyẹ tí a lé lọ lọ́jọ́ yẹn ò padà wá. Àwọn awòran wá díẹ̀, wọn ò rí nǹkan, wọn ò wá mọ́.

Kuekha nìkan ló dé, ní àárọ̀ kan lẹ́yìn òjò. Ó ti gbé ìrù wọ̀, wúrà ọrùn rẹ̀ ń dán. Bong-chi fi ojú sí ihò ọgbà ọparun. Ẹyẹ náà tiro káàkiri ewé, ó yan ibi tó máa ń yàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko jọ. Nígbà tó kọ́ ìtẹ́ tán, ó dúró lórí rẹ̀, ó ń ké pe abo. Láwọn ọdún yòókù, abo kì í pẹ́ kó tó dáhùn. Ó pè títí oòrùn fi mú. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ́ òmíràn sí ibi tó sún mọ́ ọ̀nà, bóyá ti àkọ́kọ́ ni kò dára. Lẹ́yìn náà, ó tún kọ́ òmíràn.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà ẹyẹ wa kọjá ní ooru yìí, ẹ ó bá ìyá kan níbẹ̀ tó jókòó ti fúláàsì tíì. Ó ti dẹ́kun láti máa sọ ìròyìn ìlú fún Kuekha. Àlejò kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ sí, “Màmá, ìyàwó rẹ̀ dà?” Bong-chi bu tíì fún un. Kuekha ń ké lórí omi, ó tún dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ bóyá ẹnì kan máa dáhùn, ó sì tún ń fa ewé jọ. Nínú àwọn méjèèjì, Bong-chi nìkan ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ẹyẹ.